Language Transfer fún èdè Sípéènì: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó yẹ kí ẹ fi etí Yorùbá gbọ́

Láti Màràràbà sí Wúsé ní Àbújá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya lè gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀kọ́ tí à ń yẹ̀ wò yìí bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Complete Spanish ni wọ́n ń pè é, Language Transfer ló gbé e jáde, ọ̀fẹ́ sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀kọ́ 90 ló wà nínú rẹ̀, ohùn lásán ni gbogbo rẹ̀: kò sí àwòrán, kò sí ìwé tí ẹ máa rà, kò sí máàkì. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí 15. Mihalis Eleftheriou ni olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo jókòó tì í, òun ni olùkọ́ ń bi ní ìbéèrè, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ kejì tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ wa kí a tó lọ jìnnà. Àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ òun, èyí ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ẹni tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àwọn ibi kan wà tó le fún elédè Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ti gbé wọn wá láti ilé. Àwọn ibi mìíràn sì wà tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fẹsẹ̀ fò kọjá, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ahọ́n wa ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú, tó ń gbé Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sípéènì bó ṣe ń gbọ́ ọ, yóò jèrè ju ohun tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣèlérí lọ.

Olùkọ́ yìí kì í ní kí ẹ há ọ̀rọ̀ sórí. Ohun tí ẹ ti mọ̀ ló fi ń kọ́ yín ní èyí tí ẹ ò tíì mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ láti inú èdè Látìn, Látìn ló sì bí Sípéènì gan-an. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá parí sí -al sábà máa ń wà ní Sípéènì bó ṣe wà, pípè rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀: normal, legal, animal, ideal. Èyí tó parí sí -ent tàbí -ant á gba e lẹ́yìn: diferente, importante. Èyí tó parí sí -tion á di -ción. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà á wá là: ẹ yọ -ación kúrò lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi -ar sí i, ọ̀rọ̀-ìṣe délẹ̀. Preparación, preparar. Invitación, invitar. Imaginación, imaginar. Ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá ti mọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé òun mọ̀ wọ́n. Wákàtí àkọ́kọ́ kò ní tíì pé tí ẹ ó ti máa fi ẹnu ara yín hun gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín.

Adùn rẹ̀ jọ ti àlọ́ àpamọ̀. Wọ́n pa á fún yín, ẹ rò ó, ẹ fọhùn, ẹ sì gbọ́ pé ẹ jẹ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nígbà ogún. Àwọn tó bá ti sá fún kíláàsì èdè nítorí pé wọ́n fi pàṣán kọ́ wọn ní Faransé ní ilé-ìwé girama, irú wọn ló yẹ kó gbọ́ ọ jù.

Ọ̀nà yìí ní kòtò tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọra ló jẹ́ ọmọ ìyá. Embarazada kò ní í ṣe pẹ̀lú ìtìjú, aboyún ló túmọ̀ sí. Éxito jẹ́ àṣeyọrí, kì í ṣe ọ̀nà àbájáde. Actualmente jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Asistir túmọ̀ sí kí èèyàn wà ní ibi ayẹyẹ tàbí ìpàdé, kò sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ rárá. Molestar kàn jẹ́ kí a yọ èèyàn lẹ́nu; ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí kò lẹ́ṣẹ̀ nínú ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà fún yín nígboyà láti sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yẹ ọ̀rọ̀ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè kí ẹ tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ́fíìsì.

Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ gbọ́ lọ. Kí àtàǹpàkò wà lórí bọ́tìnnì ìdádúró. Bí olùkọ́ bá ti béèrè báwo ni a ṣe máa sọ nǹkan kan, ẹ dá a dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ tó lanu. Ẹ ronú, ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ tó jẹ́ kó máa lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ lè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, àfi kó ṣáà kan ètè. Tí ìdáhùn ò bá yọ lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ dá ohùn náà padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tún àlàyé yẹn gbọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ní kí ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, a sì gbà pẹ̀lú rẹ̀: ohun tí ọwọ́ bá ti kọ, ọpọlọ máa ń fi í sílẹ̀ fún ìwé.

Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ni gbígbọ́ ọ bí ẹní ń gbọ́ rédíò. Akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ á dáhùn, ẹni tó ń gbọ́ á mi orí pé òun náà mọ̀ ọ́n, kò sì mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti dé ẹ̀kọ́ 20, tí ẹ ò lè jókòó kí ẹ fi ẹnu ara yín ṣe gbólóhùn mẹ́wàá láìgbọ́ ìbéèrè, ẹ padà sí ẹ̀kọ́ kìíní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ìpadàbọ̀ yẹn sì yára gan-an. Ìwọra ni àṣìṣe kejì. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan dà bí ìtẹ̀síwájú, àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni etí á rántí. Ẹ̀kọ́ méjì lójúmọ́ tó. Ọjọ́ 45 ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Ẹyọ kan lójúmọ́ á gba oṣù mẹ́ta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ti àná kí ẹ tó ṣí tuntun.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lórí títì Kubwa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Tí bọ́tìnnì ìdádúró bá wà lára sítíárìn, kó lo ìyẹn. Tí kò bá sí, kó sáré dáhùn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn, kó sì tún ẹ̀kọ́ kan náà gbọ́ nílé pẹ̀lú ìdádúró tó péye.

Ní ti dátà, ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ohùn tó bá wà ní 128 kbps ń jẹ nǹkan bíi MB kan ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà wákàtí 15 kò lè tó GB kan ní ìwọ̀n yẹn, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí kan péré ti fídíò 720p lè jẹ GB kan tán. Ẹ wa áàpù Language Transfer sórí fóònù, ẹ fi Wi-Fi ọ́fíìsì tàbí dátà alẹ́ wa ẹ̀kọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ kí iná tó lọ. Ó wà lórí YouTube àti SoundCloud pẹ̀lú. Nínú rélùwéè láti Ìdù sí Rigasa ní Kàdúná, tó ń gbà ju wákàtí méjì lọ, nẹ́tíwọ́kì á máa lọ á máa bọ̀, ẹni tó bá ti wa ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìkan ló máa rí nǹkan gbọ́. Ẹ pa ojú fóònù kó ṣú. Bátìrì tí ohùn ń jẹ kò tó nǹkan.

Ó wá kan ohun tí olùkọ́ ò lè sọ fún yín, nítorí kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo gusta. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé òun fẹ́ràn ilé kan: òun ni olùwà, ilé ni àbọ̀. Sípéènì yí i padà: me gusta la casa, ilé ni olùwà, èmi ni ó ń ṣe nǹkan sí. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń bá ibí yìí jìjàkadì pẹ́. Ọmọ Yorùbá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: ilé náà wù mí. Orí ń fọ́ mi, me duele la cabeza. Inú ń run mí, me duele el estómago. Ìlànà kan náà ni. Ibi kan ṣoṣo ló kù láti ṣọ́: tí ohun tó wù yín bá ju ẹyọ kan lọ, gusta á di gustan, me gustan los libros. Ọ̀rọ̀ wa kì í yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí náà n yẹn máa ń bọ́ sílẹ̀. Ebi náà yàtọ̀. Àwa ní ebi ń pa wá, àwọn elédè Sípéènì ń sọ pé àwọn ní ebi: tengo hambre. Òùngbẹ pẹ̀lú: tengo sed.

Ser àti estar, tí méjèèjì jẹ́ to be ní Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹrù kejì tó ń wọ elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún méjèèjì. Àwa ní jẹ́ àti ni fún ohun tí èèyàn jẹ́, a sì ní wà fún ibi tó wà àti ipò tó wà. Dókítà ni: es doctora, láti inú ser. Ó wà ní Garki: está en Garki, láti inú estar. Ó wà dáadáa: está bien. Ó tún wọ ibi tí kò ṣe é fojú inú rò: tí ó bá jẹ́ ayẹyẹ ni à ń sọ ibi tó ti máa wáyé, ser ni Sípéènì ń lò, la fiesta es en Wuse, Yorùbá náà sì lè sọ pé Wúsé ni àríyá náà. Kò bá ara mu dé òpin, ká má tan ara wa. Ó ti rẹ̀ mí jẹ́ estoy cansado, kò sí wà nínú tiwa níbẹ̀. Ẹni tó ti kú, estar ni wọ́n ń lò fún un, está muerto. Ìdí nìyí tí ìlànà "ohun tó wà títí" àti "ohun tó wà fún ìgbà díẹ̀" tí àwọn kan ń kọ́ni fi máa ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Èyí tó dùn jù lọ fún wa ni ohun tí wọ́n ń pè ní subjuntivo, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí a fẹ́ tàbí tí a ń ṣiyèméjì lé lórí. Ẹ̀rù rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: mo mọ̀ pé o ń bọ̀, sé que vienes. Mo fẹ́ kí o wá, quiero que vengas. Que ló wà nínú méjèèjì ní Sípéènì, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ló yàtọ̀. Ní Yorùbá, pé ló wà nínú èkínní, kí ló wà nínú èkejì. Ibi tí ẹnu yín bá ti fẹ́ sọ kí, ẹ fura pé vengas ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe vienes. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró, ó pọn dandan kí wọ́n san owó, jẹ́ kí ó wọlé: gbogbo wọn bá a mu. Àwọn ibi tó yà kúrò wà, ẹ sì lè kọ́ wọn bí ẹ bá dé ibẹ̀. Mi ò gbà pé ó ń bọ̀, no creo que venga, jẹ́ ọ̀kan: pé la lò, síbẹ̀ subjuntivo ni wọ́n lò nítorí iyèméjì inú rẹ̀. Ẹ má fi bá ṣe àmì ní tiyín, nítorí tí o bá wá jẹ́ si vienes lásán, láìsí subjuntivo. Nígbà tí ẹ bá pàdé ojalá, tó máa ń fa subjuntivo lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Àríwá á tètè dá a mọ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ti Sípéènì àtijọ́ ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìbátan In sha Allahu tí ẹ ń gbọ́ ní gbogbo ọjà Wúsé ni. Alcalde tí wọ́n ń pe olórí ìlú àti alkali tí Hausa ń pe adájọ́, baba kan náà ló bí wọn, al-qāḍī ti Lárúbáwá.

Usted, ọ̀rọ̀ tí Sípéènì fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, kò nílò àlàyé gígùn fún ẹni tó mọ ìyàtọ̀ o àti ẹ. Inú vuestra merced ló ti jáde, ìyẹn "ojúrere yín", torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ṣe jẹ́ ti ẹnì kẹta: usted habla, bíi ẹni pé à ń bá ojúrere ẹni náà sọ̀rọ̀. Ohun tó lè dà yín láàmú ni pé ní orílẹ̀-èdè Sípéènì òde òní, àgbà lè sọ pé kí ẹ máa pe òun ní tú, ìyẹn o, láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ní Kòlóḿbíà, àwọn kan ń fi usted bá ìyàwó àti ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú usted fún ẹni tó jù yín lọ, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú u sílẹ̀.

Etí wa tún ní èrè kan sí i. Ẹni tó mọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ yàtọ̀ síra kò ní ṣi papa, ọ̀dùnkún, mú fún papá, bàbá. Hablo ni mò ń sọ̀rọ̀, habló ni ó sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló yí ìtumọ̀ padà, olùkọ́ yìí sì mọ bí a ṣe ń fi í hàn dáadáa. Ẹ kàn rántí pé àmì orí á kì í ṣe àmì ohùn òkè. Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ wà ló ń tọ́ka sí, ohùn sì lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ìbéèrè tàbí ìbínú bá ṣe gbé e. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí fáwẹ̀lì, n tàbí s, sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ni à ń tẹ̀; àwọn yòókù, èyí tó kẹ́yìn. Àmì á jáde níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti tàpá sí ìlànà yìí.

Ibi tí yóò ti nira fún yín ni kọ́ńsónáǹtì. Ẹ̀kọ́ náà kò dúró síbẹ̀ tó bí a ṣe fẹ́, nítorí àṣìṣe elédè Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí tiwa. P ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. P inú pápá wa, k àti p lẹ́ẹ̀kan náà ni, bí ojú bá sì rí padre lórí ìwé, ẹnu lè sáré lọ síbẹ̀. Ẹ fi ètè nìkan sọ ọ́ bí ẹní fẹ́ sọ b, kí ẹ yọ ìró ọ̀fun kúrò, kí atẹ́gùn má sì tú jáde bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdìpọ̀ kọ́ńsónáǹtì ló tẹ̀ lé e. Yorùbá kò ní i, nítorí náà tres ń di tẹ́rẹ́sì, trabajo ń di tàràbáhò. Ẹ sọ tara, tere, tiri, kí ẹ máa gé fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ kúrú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́, ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí s ìparí jábọ́, torí pé hablas jẹ́ ìwọ ń sọ̀rọ̀, habla sì jẹ́ òun ń sọ̀rọ̀: ẹni tó gbé s jù nù ti yí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ padà.

Pero jẹ́ ṣùgbọ́n, perro jẹ́ ajá. R àkọ́kọ́ jẹ́ kí ahọ́n kan àjà ẹnu lẹ́ẹ̀kan, èkejì jẹ́ kó gbọ̀n. Ẹ fetí sí bí àwọn Hausa ṣe ń gbọn r wọn nínú ọjà, ẹ fara wé e. J, àti g tó ṣáájú e tàbí i, jẹ́ h líle. Ẹni tó lọ ilé kéú mọ̀ ọ́n, ó súnmọ́ lẹ́tà khā'. Ní Kúbà àti àyíká rẹ̀ ó fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ h tiwa. H tí wọ́n kọ kì í dún rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tó mọ̀ kọ́ bí Sípéènì ṣe ń kọ ìró sílẹ̀, kó wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òrìṣà wa ní Kúbà: Changó, Ochún, Yemayá, Obatalá. Ìró ṣ kò sí nínú Sípéènì, ch ló súnmọ́ ọn jù, ni Ṣàngó bá di Changó, àṣẹ di aché, babaláwo di babalao. Ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ti mọ ch, y àti ibi tí àmì ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ń jókòó sí.

Akọ àti abo ni ohun tó ṣàjèjì sí Yorùbá pátápátá, torí ó ló bo ọkùnrin, obìnrin àti àga. Àmọ́ ẹni tó ti pẹ́ ní Àríwá ti mọ̀ ọ́n lábẹ́lẹ̀. Hausa ń sọ mota ce, ọkọ̀ ni, fún abo, àti gida ne, ilé ni, fún akọ. Ọ̀rọ̀ abo nínú Hausa sábà máa ń parí sí a, ti Sípéènì náà bẹ́ẹ̀, la sì ni àmì abo, el ni ti akọ: la casa, la mesa. Hausa ní aládàáṣe tirẹ̀, gida àti ruwa parí sí a síbẹ̀ akọ ni wọ́n; Sípéènì ní el día, el mapa, el problema. Tí ẹ bá ti lè ya ne àti ce sọ́tọ̀ láìronú, el àti la kò ní gbà yín ju oṣù kan lọ. Ẹ má kọ́ ọ̀rọ̀ kankan láìsí el tàbí la níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń yí ìrísí padà fún olùwà kọ̀ọ̀kan ni a kò ní ìrànlọ́wọ́ fún. Níbí ni ẹ̀kọ́ náà ti dára jù lọ, nítorí kò tẹ́ tábìlì kankan síwájú yín. Ó máa jẹ́ kí ẹ rí o gẹ́gẹ́ bí àmì èmi, s gẹ́gẹ́ bí àmì ìwọ, mos gẹ́gẹ́ bí àmì àwa, n gẹ́gẹ́ bí àmì àwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi máa jáde fúnra wọn. Ẹ ṣe sùúrù fún un.

Ohun tí kò lè ṣe náà pọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré. Ẹ ò ní ka ìwé nínú rẹ̀, ẹ ò ní kọ lẹ́tà, ẹ ò sì ní gbọ́ ọmọ Sípéènì kan tó ń sáré sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà, nítorí náà ẹ má fi ohùn rẹ̀ nìkan ṣe àwòkọ́ṣe. Kò sí ìwé-ẹ̀rí pẹ̀lú. Ẹni tó nílò ìyẹn, ìwé-ẹ̀rí ìdánwò DELE tí Instituto Cervantes ń ṣe kì í kásẹ̀ nílẹ̀, ti ìdánwò SIELE sì ń lo ọdún márùn-ún. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn aṣojú ìjọba wọn ní èdè ń ya wákàtí kíláàsì tó tó 600 sí 750 sọ́tọ̀ fún Sípéènì. Wákàtí 15 jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nìkan.

Láti nǹkan bíi ẹ̀kọ́ 30, ẹ fi Anki, áàpù káàdì ìrántí, kún un. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí Android tó ń jẹ́ AnkiDroid; ti iPhone ni wọ́n ń tà. Káàdì tuntun 20 lójúmọ́ ni ó máa ń wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ dín in kù sí 8 tàbí 10, torí káàdì tí ẹ fi kún un lónìí á máa padà wá, 20 lójúmọ́ sì lè di àyẹ̀wò 150 sí 200 lójoojúmọ́ kí oṣù tó parí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á tì. Gbólóhùn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí iwájú káàdì sì jẹ́ Yorùbá tó ní àmì ohùn: Ebi ń pa mí níwájú, Tengo hambre lẹ́yìn. Ẹ ò ní gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá mọ́ nígbà yẹn, ìyára ìdáhùn á sì hàn sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ní bọ́tìnnì Yorùbá; fún ñ, ẹ tẹ n mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Fún etí, Dreaming Spanish, ìkànnì fídíò tí Pablo Román dá sílẹ̀, dára. Àwọn fídíò Superbeginner rẹ̀ kún fún àwòrán àti ìfọwọ́júwe, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ọ yé láìsí ìtumọ̀. Ẹ dín fídíò kù sí 240p kí dátà má gbẹ. Èrò wọn níbẹ̀ ni kí èèyàn gbọ́ púpọ̀ kó tó sọ̀rọ̀, wákàtí 1,500 sì ni wọ́n kọ sí ìpele tó ga jù. Kò dọ́gba pẹ̀lú èrò Language Transfer, ṣùgbọ́n méjèèjì lè wà nílé kan náà. Duolingo dára fún ìṣẹ́jú márùn-ún níbi tí ẹ ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ìdíje inú rẹ̀ nìkan, torí ó rọrùn láti máa lé máàkì kiri dípò èdè. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó máa gbọ́ asọ̀rọ̀ La Liga ní Sípéènì: portero ni asọ́lé, árbitro ni rẹfirí, saque de esquina ni kọ́nà. Ojú ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ.

Ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ló kù, kò sì yẹ kó pẹ́ kọjá ẹ̀kọ́ 60. Lórí italki tàbí Preply, ìkànnì tí a ti ń rí olùkọ́ èdè gbà, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀ lé, dọ́là ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá káàdì náírà yín ń sanwó lókè òkun àti iye tó lè san lóṣù. Ẹ mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Tí nẹ́tíwọ́kì bá ń gé, ẹ pa fídíò, ẹ fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ náà níbẹ̀rẹ̀ pé kó má tún gbogbo àṣìṣe ṣe: kó mú s ìparí àti el pẹ̀lú la nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó bọ́ sí tr àti rr ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó sì kọ gbólóhùn tó tún ṣe ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè sọ wọ́n di káàdì lálẹ́ ọjọ́ náà.